Eré Ọ̀yọ́ lórí ìtàgé Òyìnbó: ìyáàlù ń pè, gbogbo ilé dákẹ́

Àjọkẹ́ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Láti alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ibẹ̀ dé ló ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí ọwọ́ mi dilẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Jàmáíkà, lọ wo eré Wọlé Ṣóyínká lórí Ẹlẹ́ṣin Ọba, *Death and the King's Horseman*, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ di *Ikú Olókùn-Ẹṣin* ní Yorùbá. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kà á: Aláàfin wàjà, lóru tí wọ́n máa sin ín ni Ẹlẹ́ṣin, ìjòyè tó ń bójú tó ẹṣin rẹ̀, gbọ́dọ̀ kú kó lè bá a lọ. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó gbọ́, ó ní kí wọ́n lọ mú un. Ọmọ rẹ̀ àgbà tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dé láti wá sin bàbá rẹ̀. Nígbà tó rí i pé bàbá ò lè lọ mọ́, òun ló lọ.

Aṣọ òkè ìyá mi ni mo wọ̀. Àwọn tó kù wọ ṣòkòtò jíǹsì àti kóòtù, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Agogo lù, wọ́n ní kí gbogbo wa pa fóònù, iná kú. Bí ọjà ṣe tàn lórí ìtàgé báyìí, tí Olóhùn-iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ẹlẹ́ṣin, tí ìyáàlù gbè é lẹ́sẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ẹnu mi ṣí, mo ní “Hẹ̀ẹ́n!” Obìnrin tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọgọ́rọ̀ èèyàn, kò sẹ́ni tó mí. Ìlù ń pe èèyàn ní orúkọ baba rẹ̀, ilé sì dákẹ́ bí ilé ìdánwò.

Mo ki ọwọ́ bọ ẹnu títí di ìgbà ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi ní òun náà pa á mọ́ra ni, pé nílé tiwọn wọn ò ní jẹ́ kí òṣèré kan dá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí eré parí wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an, àwọn mìíràn ń nu ojú. Wọn kì í ṣe aláìláàánú. Ṣùgbọ́n inú mi ò yé dàrú. Ṣé bí wọ́n ṣe dákẹ́ yẹn ni ó yẹ kí èmi ọmọ Ọ̀yọ́ náà dákẹ́?

Ọmọ Tákíè

Ẹ kú ìgbádùn, ẹ̀gbọ́n wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí, àmọ́ mo ti gbé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí mo lọ kàwé, tíátà sì ni mo máa ń ná owó mi lé lórí jù.

Ẹ má bínú, mo gbà pé kí ẹ dákẹ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Tìtorí kí etí lè gbọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé yẹn. Iná ń kú kí ojú gbogbo èèyàn lè wà níwájú. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ìta ni wọ́n máa ń dá a dúró sí títí wọ́n á fi rí àyè tí kò ní da eré rú, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni ńlá. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá náà sanwó, ó fẹ́ gbọ́ gbólóhùn tí Ẹlẹ́ṣin ń sọ, pàápàá eré yìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, òwe lórí òwe. Tí a bá ń fi “hẹ̀ẹ́n” bò ó, kí ló máa gbé lọ sílé?

Àti pé dídákẹ́ yẹn, ìbọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Wọn ò fojú tín-ín-rín wo ìlù wa. Èrò wọn ni pé nǹkan ńlá ń ṣẹlẹ̀, kí àwọn má bà á jẹ́.

Ìyá Dámi (Peckham, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí)

Àbúrò mi Ọmọ Tákíè, òótọ́ lo sọ, àmọ́ tíátà ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Mo ti ń gbé London ó pẹ́. Ẹ lọ sí Shakespeare's Globe létí odò Thames kí ẹ wá sọ fún mi pé Òyìnbó kì í dáhùn. Ilé náà ò ní òrùlé láàárín. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i, wọ́n kọ́ ọ bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní ayé Shakespeare. Nǹkan bíi 700 èèyàn ló ń dúró lórí ẹsẹ̀ nínú àgbàlá, ojú òṣèré hàn sí wọn kedere, ojú tiwọn náà hàn sí òṣèré. Òjò ń rọ̀ lé wọn lórí, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ ṣí agbòjò nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn. Òṣèré ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, èèyàn ń fèsì.

Ní ọdún 2012 tí wọ́n pe eré Shakespeare 37 jọ ní èdè 37 síbẹ̀, àwọn òṣèré láti Nàìjíríà gbé *Ìtàn Ògìnìntìn* wá, Yorùbá pọ́ńbélé, Wọlé Oguntokun ló darí rẹ̀. Wọ́n sọ ọba inú eré di Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ di Ọya, ọ̀rẹ́ rẹ̀ di Ògún. Àbí ẹ ò rí nǹkan, Ọ̀yọ́ náà ló tún débẹ̀! Pọ́n-ùn 5 ni owó ẹni tó bá máa dúró nígbà náà.

Àjọkẹ́, ohun tí mo ń sọ ni pé kí o wo ilé kí o tó mọ bí o ṣe máa ṣe. Ilé tí wọ́n ti pa iná, tí àga rẹ̀ rọ̀, dákẹ́. Ilé tí òṣèré ti ń wo ojú rẹ, dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bọ̀ ní London, ẹ má gbà kí owó lé yín sá. Tíkẹ́ẹ̀tì lè kọjá pọ́n-ùn 100 ní West End, àdúgbò àwọn tíátà ńlá, lóòótọ́. Àmọ́ ilé kékeré kan wà ní Leicester Square tí wọ́n ń pè ní TKTS, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ ilé tíátà sì ní tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú fún ọ̀dọ́ àti fún ẹni tó bá débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré.

Bàbá Tíṣà Akẹ̀sán

Mo kí gbogbo yín. Àjọkẹ́ ọmọ mi, òjò pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọmọ Àtìbà, o káre. Mo ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ olùkọ́, ìtàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́ níbí títí mo fi kúrò. Kí a tó dá ẹjọ́ ìdákẹ́, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí wọ́n ń lùlù fún.

Oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládigbòlù wàjà. Láti 1911 ló ti wà lórí ìtẹ́. Jínádù ni Olókùn-Ẹṣin, ìyẹn Ẹlẹ́ṣin Ọba, nígbà náà. Nígbà tí oṣù Kìíní 1945 wọlé, Jínádù wọ Ọ̀yọ́ láti Ìkòyí (kì í ṣe ti Èkó), aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń jó ní ìgboro, gbogbo ìlú sì mọ ohun tí ijó náà túmọ̀ sí. Òyìnbó tó ń ṣàkóso ibí nígbà náà, MacKenzie ni orúkọ rẹ̀, ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n tì í mọ́lé. Múránà, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló kú dípò rẹ̀.

Ẹ rí i, kò sí dókítà láti ìlú Òyìnbó nínú èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àbíkẹ́yìn ni, kì í ṣe àkọ́bí. Ṣóyínká tún un tò, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, eré ló ń kọ. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìtàn kan náà ṣe eré ní Yorùbá, *Ọba Wàjà*, ní 1964, ìwé ti Ṣóyínká sì jáde ní 1975. Ṣóyínká kọ ọ́ síwájú ìwé tirẹ̀ pé kí olùdarí má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà méjì lásán, pé Òyìnbó tó wà níbẹ̀ kàn bá ọ̀ràn pàdé ni. Ọ̀ràn náà wà láàárín Ẹlẹ́ṣin àti àwọn tó fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́: ọjà, ìyálọ́jà, ọmọ rẹ̀, àwọn baba tó ti lọ.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè, ọmọ mi. Níbo ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín, níbo ni wọ́n ti dákẹ́?

Àjọkẹ́ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ ṣeun.

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ọjà ń fi Amusa ọlọ́pàá ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nímú bí Òyìnbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wọ ẹ̀kú egúngún láti fi ṣe fàájì lọ sí ibi ijó, tí Amusa ní òun ò lè bá ẹni tó wọ aṣọ òkú sọ̀rọ̀ nípa ikú, mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣe hùn-ùn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Agbo ilé eégún ni wọ́n bí ìyá mi sí.

Ibi tó dákẹ́ jù ni ìgbà tí Ẹlẹ́ṣin ń jó lọ, tí Olóhùn-iyọ̀ ń bi í léèrè bóyá ó ṣì ń gbọ́ òun. Àti nígbà tí Ìyálọ́jà wá bá a nínú àtìmọ́lé.

Àyàn Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nítorí èmi ni mo ni ìlù. Ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, dùndún ni mo ń lù, bàbá mi lù ú fún Ṣọ̀ún.

Nígbà tí mo bá gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, tí mo rí ẹni tí mo mọ oríkì rẹ̀, ṣe ni mo máa pè é. Bí kò bá dá mi lóhùn, mo gbà pé kò gbọ́, mo tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹnu nìkan. Ó lè mi orí, ó lè gbọn èjìká, ó lè gbẹ́sẹ̀, ó lè lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Ohun tó bá ṣe ló ń sọ fún mi bí màá ṣe lù ú tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Onílù orí ìtàgé ò ní àǹfààní yẹn. Òṣèré ti mọ ìgbà tí òun máa sọ̀rọ̀, onílù gbọ́dọ̀ dákẹ́ lákòókò náà. Tí àwọn èèyàn bá dáhùn tàbí wọn ò dáhùn, ibì kan náà ló ń lọ. Iṣẹ́ tó le ni, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Àmọ́, Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ta ni ìlù yẹn ń pè? Ẹlẹ́ṣin ni. Kódà nílé níbí, tí mo bá ń ki ìjòyè lójú agbo, ìjòyè àti àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ló ń dá mi lóhùn. Ẹni tó kàn wá wòran á gbádùn rẹ̀, á dúró. Kì í ṣe gbogbo ìlù là ń dá lóhùn. Ibi ọjà tí Ẹlẹ́ṣin ti ń ṣàwàdà, tí ó ń jó láàárín àwọn obìnrin, ìlù ayọ̀ ni, ẹ̀rín àti ìdáhùn yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlù tó ń sin èèyàn lọ sí ọ̀run! Ta ló máa lanu níbẹ̀? Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó rí Jínádù ní 1945, ṣé ẹ rò pé wọ́n ń pariwo lé e lórí? Níbi yẹn, àwọn Òyìnbó yẹn àti àwa, ìwà kan náà ni a hù.

Ìyá Dámi (Peckham, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí)

Hẹ̀ẹ́n! Àyàn, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Díákónì Ajílété

Ẹ kú ìjíròrò. Mo máa sọ òdìkejì, ẹ má ṣe bínú sí mi.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo ohun tí Ọ̀yọ́ ní, ikú ni a ń gbé lọ fi han aráyé. Ọmọ Òyìnbó kan jókòó síbẹ̀, ó rí i pé wọ́n ní kí èèyàn kú nítorí pé ọba kú. Ó relé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Kí ni ọmọ náà máa rò nípa Àjọkẹ́ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ní ọsibítù? Ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kọ́ ilé ìwé, wọ́n ti kọ́ ọsibítù, ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ di èèyàn. Kí ló dé tí kò sí ẹni tó ń gbé ìyẹn sórí ìtàgé? N kò ní kí wọ́n fòfin de eré. Mo ń sọ pé ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń fi ara wa hàn sí.

Bàbá Tíṣà Akẹ̀sán

Díákónì, àníyàn yín tọ́, n kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí ìtàn inú eré náà wáyé: ogun àgbáyé ń jà lọ́wọ́. Nínú eré yẹn, ìyàwó ajẹ́lẹ̀ sọ fún ọmọ Ẹlẹ́ṣin nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó kú sínú ọkọ̀ rẹ̀ kí àwọn tó kù lè là. Ọmọ náà ní ohun tó wúni lórí ni. Obìnrin náà kò gbà, ó ní fífi ẹ̀mí ṣòfò ni. Òǹwòran tó bá jókòó dáadáa á rí i pé wọ́n ń bi òun náà léèrè, pé kí ni ẹ̀yin ń kú fún? Eré náà ò tan ẹnikẹ́ni pé kó lọ kú. Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ayé débi tí kò lè fi í sílẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ òótọ́ ọmọ èèyàn.

Olùkọ́ Eré

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé, Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un, nítorí à ń sọ ọ́ bí ẹni pé tíátà ni ohun tí Òyìnbó kó wá bá wa.

Ní 1826, Clapperton àti Lander, àwọn Òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́-Ilé nígbà Aláàfin Májòtú. Ọba ní kí àwọn alárìnjò, ìyẹn eégún eléré, ṣeré fún àlejò. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀. Eégún apidán jáde, ọ̀kan di erè, ó ń fà nílẹ̀. Nígbà tó yá, èyí tó kun ara ní funfun jáde, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín áásáà, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. Òyìnbó ni! Lójú Òyìnbó gan-an ni wọ́n ti ṣe é, àwọn èèyàn sì ń yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀.

Ní 2009 tí wọ́n ṣe eré Ẹlẹ́ṣin yìí ní National Theatre ní London, Rufus Norris tó darí rẹ̀ ní kí àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú kun ojú wọn ní funfun láti ṣe ajẹ́lẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn kan rí i bí ohun tuntun. Ọ̀yọ́ ti ṣe é fún Òyìnbó ní nǹkan bí ọdún 183 ṣáájú.

Ibi tí mo ń lọ nìyí, nítorí ó kan ìbéèrè Àjọkẹ́. Clapperton ní láàárín eré kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, gbogbo èrò sì ń gbè é. Láàárín eré! Ó ní ibi tí wọ́n fi sí fún èrò láti dáhùn. Èyí bá ohun tí Àyàn sọ mu. A kì í ṣe aláriwo tí ò mọ ìgbà. Ohun tó sọnù nínú ilé tí Àjọkẹ́ wọ̀ ni àyè tiwa yẹn. Nígbà ìsinmi tó yẹ kí èrò gbè orin, áìsìkiriìmù ni wọ́n ń tà. N kò bá wọn jà, àṣà wọn ni. Àmọ́ olùdarí tó bá mọ̀ ọ́n lè fi orin sí ibẹ̀, kí ó kọ́ èrò ní ègbè kan ṣoṣo kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ gbé *Ọba Kò So* lọ sí Berlin ní 1964, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn tí ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọmọ Tákíè

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ègbè tí ẹ̀ ń sọ yẹn, mo fara mọ́ ọn. Tí olùdarí bá fún èrò ní àyè, àyè ni. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnì kan dá a gbà lọ́wọ́ ẹni tó kù. Mo ṣì dúró lórí ìyẹn.

Àjọkẹ́ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìyáàlù ti yé mi. Màá dákẹ́ níbi tó yẹ, màá sì fi èjìká dá a lóhùn níbi tó yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ yíjú kó yíjú.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka èsì yín ni mo ń rí ohun tó ń dùn mí gan-an. Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Àárín ìgboro tí Jínádù jó ni mo ń gbà lọ síléèwé. Ìlú Òyìnbó ni mo ti kọ́kọ́ rí i lórí ìtàgé, lédè Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn tí ò mọ ọ̀nà Akẹ̀sán. Àwọn ọmọ àbúrò mi tó wà nílé báyìí ò gbọ́ orúkọ Múránà rí. Mo bi wọ́n lórí fóònù lánàá.

Bàbá Tíṣà Akẹ̀sán

Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ẹgbẹ́ eléré máa ń gbé ọkọ̀ wọn wá, wọ́n á ṣeré nínú gbọ̀ngàn tàbí ọgbà ilé ìwé, a ó san owó díẹ̀, a ó gbé àga láti ilé. Fídíò ló lé wọn kúrò lójú títì. Ó ti pẹ́.

Mo ní ìwé Ìṣọ̀lá yẹn nílé.

Olùkọ́ Eré

Bàbá, tí ẹ bá ní in, kò yẹ ká máa dúró de ẹgbẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ ká kà á jáde, kí èèyàn mú ipa kọ̀ọ̀kan, ìwé lọ́wọ́, nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Ọ̀yọ́ níbí. Kò ní ná wa ní aṣọ, kò ní ná wa ní iná mànàmáná. Mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ka ti àwọn ọmọbìnrin ọjà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, màá kọ́ èrò ní ègbè.

Àyàn Ògbómọ̀ṣọ́

Èmi àti àbúrò mi méjì á wá, ìyáàlù, omele àti gúdúgúdú. Ẹ ṣáà bá wa san owó ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Tí wọn ò bá tì mí mọ́ àkókò, ẹ máa rí ohun tí ìlù lè ṣe fún ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ Tákíè

Owó ọkọ̀ yín wà lọ́rùn mi, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ka ti ajẹ́lẹ̀.

Díákónì Ajílété

Ẹ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta sí i, kì í ṣe Àìkú. N kò ní gbè orin oríṣà, mo sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n màá kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá kí wọ́n gbọ́ ìtàn náà ní èdè tiwọn, kí wọ́n sì bi Bàbá Tíṣà léèrè lẹ́yìn rẹ̀. Kí ààyè wà fún ìbéèrè.

Bàbá Tíṣà Akẹ̀sán

Ààyè máa wà, Díákónì, wákàtí kan gbáko.

Àjọkẹ́ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi! Oṣù Kejìlá ni mo gba ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sí ìgbà yẹn kí n lè wà níbẹ̀. Mo máa ra bísíkíìtì àti omi fún àwọn ọmọ. Ta ló máa ka ti Ìyálọ́jà? Ohùn ńlá ló fẹ́.

Bàbá Tíṣà Akẹ̀sán

Mo mọ ìyá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé níbí, ọjà Akẹ̀sán ni ìyá rẹ̀ ti ṣòwò títí ó fi kú. Tó bá pe ọmọ láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ tó wà lẹ́yìn ilé á sáré dé. Màá bá a sọ ọ́ lọ́la, kí n tó fi ìwé ṣe ẹ̀dà.